Lámèyítọ́ Lórí Lílo Akùnláwọ̀ Inú Èdítọ̀ Kóòdù fún Ìtúpalẹ̀ Ìwé Àṣẹ SQL

Aṣamọ̀

Àwọn akọ̀wé-ètò kọ̀ǹpútà kan máa ń yá akùnláwọ̀, èyí tí ó ń kun ọ̀rọ̀ ní àwọ̀ nínú èdítọ̀ kóòdù, lò láti fi gé ìwé àṣẹ SQL sí ìdì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí àká dátà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ ìlànà náà. Ìpele gírámà tí Noam Chomsky là kalẹ̀ ní 1956 ni àlàyé inú rẹ̀ gùn lé. Ó fi hàn pé akùnláwọ̀ mọ ìsọ̀rí ẹyọ ọ̀rọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ìhun gbólóhùn kò yé e. Nítorí náà, a lè gbà á láyè láti wá ààlà láàrin àṣẹ kan àti èkejì, bí ẹni tí ó ń lò ó bá mọ òfin ẹ̀ka-èdè SQL tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìdájọ́ lórí ohun tí àṣẹ yóò ṣe kọjá agbára rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

SQL ni èdè tí wọ́n fi ń bá àká dátà sọ̀rọ̀, yálà láti béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, láti fi nǹkan kún un, tàbí láti pa nǹkan rẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìwé ìwádìí tí Edgar F. Codd, òṣìṣẹ́ IBM, tẹ̀ jáde ní 1970 ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, gbé èdè tí wọ́n pè ní SEQUEL jáde. Orúkọ yìí ni ó padà di SQL. Àjọ ANSI sọ ọ́ di èdè tí ó ní òfin àjùmọ̀lò ní 1986, àjọ ISO sì tẹ̀ lé e ní 1987. Síbẹ̀, bí Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ṣe jẹ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Oracle, SQL Server, MySQL àti PostgreSQL ní ẹ̀ka-èdè SQL tiwọn. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí yóò ṣe pàtàkì níwájú.

Ìwé àṣẹ SQL ni fáìlì tí wọ́n to ọ̀pọ̀ àṣẹ sí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń tọ́jú èsì ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà lè ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tí yóò dá àtẹ tuntun sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí yóò kó èsì àtijọ́ pamọ́, tí yóò sì pa èyí tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Bí wọ́n bá gé fáìlì náà níbi tí kò yẹ, èsì ọdún mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ fi làágùn lè pòórá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó fa wàhálà yìí: GO. Nínú ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ fún SQL Server, GO tí ó dá wà lórí ìlà tirẹ̀ ni ó ń fi hàn pé ìdì àṣẹ kan ti parí. Ìwé ìtọ́sọ́nà Microsoft sọ ọ́ gbangba pé GO kì í ṣe ara èdè náà. Àwọn ètò bíi sqlcmd àti osql, àti èdítọ̀ inú SQL Server Management Studio, ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Àká dátà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ìdì àṣẹ kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. CREATE PROCEDURE gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣẹ àkọ́kọ́ nínú ìdì tirẹ̀, ohun ayípadà tí wọ́n bá sì kéde nínú ìdì kan kò ní ìtumọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ìdì náà bá parí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ètò tirẹ̀ láti fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá gbogbo GO, kí ó gé ìwé náà níbẹ̀, kí ó sì fi ìdì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan máa ń wá ìlà tí kò ní ju GO lọ, wọn a sì gé ìwé náà níbẹ̀ láìwo ohun tí ó yí i ká. Àwọn mìíràn a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akùnláwọ̀ bóyá GO tí wọ́n rí jẹ́ GO tòótọ́. Ọ̀nà kejì yìí ni ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún.

2.0 Iṣẹ́ Tí Akùnláwọ̀ Ń Ṣe

Èdítọ̀ kóòdù ni ètò tí àwọn akọ̀wé-ètò fi ń kọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń fi àwọ̀ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Vim ní irú akùnláwọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀dà 5.0 tí ó jáde ní 1998. Scintilla, tí Neil Hodgson gbé jáde ní 1999, jẹ́ ohun èlò tí akọ̀wé-ètò lè gbé sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ni Notepad++, tí ó jáde ní 2003, gùn lé. Nítorí pé Scintilla ṣe é gbé sínú ètò mìíràn, ó ṣe é yá lò fún iṣẹ́ tí wọn kò torí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Scintilla máa ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí òpin, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Fún báìtì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, ó ń tọ́jú nọ́ńbà kan tí ó ń sọ ìsọ̀rí tí báìtì náà bọ́ sí. Nínú akùnláwọ̀ SQL rẹ̀, 0 dúró fún ohun tí kò ní ìsọ̀rí pàtó. 1 dúró fún àkíyèsí tí ó wà láàrin /* àti */, 2 sì dúró fún àkíyèsí orí ìlà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú --. 5 ni ti ọ̀rọ̀ gbòógì, 7 ni ti ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan, 11 sì ni ti orúkọ. Àwọ̀ tí ojú ń rí wulẹ̀ ń ṣojú fún nọ́ńbà wọ̀nyí ni. Ẹni tí ó yá a lò kò nílò àwọ̀ rárá. Yóò wá GO lórí ìlà, yóò béèrè nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, 2 tàbí 7, yóò fò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gé ìwé níbẹ̀.

Kí lámèyítọ́ tó lè sọ bóyá èyí dára, ó gbọ́dọ̀ mọ ipò tí akùnláwọ̀ wà nínú ìmọ̀ gírámà. Chomsky pín gírámà sí ìpele mẹ́rin. Gírámà ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá kò lè rántí ju ìwọ̀nba ipò díẹ̀ lọ. Gírámà ìpele tí ó tẹ̀ lé e ni ó lè ṣe àlàyé àfibọ̀, ìyẹn gbólóhùn inú gbólóhùn, dé ibi tí ó bá wù kí ó jìn tó. Akùnláwọ̀ tí ó gùn lé bátánì lásán wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Gbólóhùn SQL, tí ó lè fi ìbéèrè kan bọ inú òmíràn, wà lókè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi pín iṣẹ́ yìí sí méjì láti ìgbà pípẹ́. Ní Bell Labs ní 1975, Lex tí Mike Lesk àti Eric Schmidt kọ ni ó ń ṣa ẹyọ ọ̀rọ̀. Yacc tí Stephen Johnson kọ ni ó ń so ẹyọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ di gbólóhùn. Akùnláwọ̀ jẹ́ ẹbí Lex. Ẹni tí ó bá ní kí ó ṣe iṣẹ́ Yacc ń béèrè ohun tí kò sí nínú àpò rẹ̀.

3.0 Ibi Tí Ìlànà Náà Ti Yege

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nìyí:

/*
GO
DELETE FROM esi
GO
*/

Ẹni tí ó kọ èyí ti fi àmì àkíyèsí di àṣẹ àtijọ́ kan lẹ́nu. Kò fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́. Ètò tí ó ń gé ìwé láìwo ohun tí ó yí GO ká yóò sọ ọ́ di ìdì mẹ́ta. Àká dátà yóò kọ ìdì kìn-ín-ní nítorí pé àkíyèsí inú rẹ̀ kò ní òpin, yóò sì kọ ìdì kẹta nítorí pé òpin àkíyèsí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdì kejì jẹ́ gbólóhùn tí ó pé pérépéré. Bí ètò náà kò bá dúró nígbà tí ó rí àṣìṣe àkọ́kọ́, gbogbo èsì inú àtẹ náà ni yóò parẹ́. Akùnláwọ̀ yóò rí i pé nọ́ńbà 1 ni ó wà lábẹ́ GO méjèèjì, kò sì ní sí ewu.

Ìyìn kejì tọ́ sí ìlànà yìí nítorí àmì àyọlò. Nínú SQL, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ àmì yìí sáàrin ọ̀rọ̀ àyọlò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọtọ́ Yorùbá àtijọ́ tí ó máa ń kọ n'ílé dípò nílé yóò di 'n''ílé' nínú ìwé àṣẹ. Akùnláwọ̀ tí ó dára ti mọ òfin yìí, ẹni tí ó yá a lò kò sì ní láti tún un kọ. Kíkọ atúpalẹ̀-gbólóhùn tí ó péye fún ẹ̀ka-èdè SQL kan jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Fún ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ìdì kan parí sí, gbígbé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lérí lè dà bíi kí ènìyàn fi àáké gé èékánná.

Ṣùgbọ́n ìyìn yìí ní májẹ̀mú méjì. Èkíní ni pé Scintilla kì í kun gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ó bá yẹ kí ojú rí ni ó ń kùn. Nọ́ńbà 0 ni ó wà lábẹ́ ibi tí kò tíì kùn. Bí ètò bá béèrè nípa GO inú àkíyèsí kí akùnláwọ̀ tó dé ibẹ̀, yóò gba 0, yóò sì gé e bí ẹni pé GO tòótọ́ ni. Ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ pàṣẹ fún un láti kun ìwé náà tán. Èkejì ni pé àtòjọ ọ̀rọ̀ gbòógì kò ti inú Scintilla wá. Ètò tí ó gbé e lò ni ó ń fún un ní àtòjọ náà. GO lè jẹ́ 5 ní ibì kan, kí ó jẹ́ 11 ní ibòmíràn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ètò náà béèrè ni bóyá GO wà nínú àkíyèsí tàbí nínú àmì àyọlò. Bóyá ó jẹ́ ọ̀rọ̀ gbòógì kò kan ọ̀rọ̀ náà.

4.0 Ibi Tí Ó Ti Kùnà

4.1 Àkíyèsí àfibọ̀

Àyípadà díẹ̀ sí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tó láti fi àléébù ìlànà náà hàn:

/* Àṣẹ àtijọ́
/* ti 2008 */
GO
DELETE FROM esi
GO
*/

SQL Server àti PostgreSQL gbà kí àkíyèsí wà nínú àkíyèsí. Lójú SQL Server, gbogbo ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí jẹ́ àkíyèsí kan ṣoṣo. Oracle àti MySQL kò gba irú àfibọ̀ bẹ́ẹ̀. Akùnláwọ̀ tí wọ́n kọ ní ìlànà Oracle yóò rí */ àkọ́kọ́, yóò sì rò pé àkíyèsí ti parí. GO tí ó tẹ̀ lé e yóò di GO tòótọ́ lójú rẹ̀, DELETE yóò sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìdì tí ó dá dúró. Ewu tí wọ́n torí rẹ̀ sá fún ọ̀nà àkọ́kọ́ ti padà wá. Bí akùnláwọ̀ bá ní òǹkà kan tí ń gòkè nígbà tí ó bá rí /*, tí ń sọ̀ nígbà tí ó bá rí */, ọ̀ràn náà yóò yanjú. Ẹni tí ó yá a lò ni ó yẹ kí ó wádìí bóyá òǹkà náà wà níbẹ̀.

4.2 Ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè

Àmì \ tún jẹ́ ìdẹkùn mìíràn. Bí MySQL bá wà ní ipò tí ó ti wá láti ilé, àmì yìí nínú ọ̀rọ̀ àyọlò ń sọ pé kí a má ka àmì àyọlò tí ó tẹ̀ lé e sí òpin. SQL Server kò ní òfin bẹ́ẹ̀. 'D:\esi\' jẹ́ ọ̀rọ̀ àyọlò tí ó ti parí. Scintilla fi èyí sọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó nípasẹ̀ ètò yíyàn kan tí a ń pè ní sql.backslash.escapes. Bí wọ́n bá tan án fún ìwé àṣẹ SQL Server, akùnláwọ̀ kò ní rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Yóò máa kun gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e bí ọ̀rọ̀ àyọlò títí yóò fi kan àmì àyọlò mìíràn. GO tí ó bá wà láàrin yóò sọnù, ìdì méjì yóò di ọ̀kan. Láti ibẹ̀ lọ, inú yóò di òde, òde yóò di inú.

PostgreSQL ní tirẹ̀ gba $$ láyè láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àyọlò àti láti fi parí rẹ̀, ètò mysql sì ní àṣẹ DELIMITER tí ó ń yí àmì òpin gbólóhùn padà láàrin ìwé. Akùnláwọ̀ tí kò gbọ́ nípa wọn yóò ṣìnà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kò sí akùnláwọ̀ SQL gbogboǹṣe. Ti ẹ̀ka-èdè kan ni ó máa ń jẹ́.

4.3 Ọ̀rọ̀ pọ́n-na

Àléébù tí ó jinlẹ̀ jù lọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè. Àpẹẹrẹ láti inú gírámà Yorùbá yóò mú un yéni: Bàbá àti ìyá Òjó dé. Ẹni tí ó bá fi ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ sí i yóò rí ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ asopọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ méjì, àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀nà. Síbẹ̀, kò tíì sọ bóyá òbí Òjó méjèèjì ni ó dé, tàbí bàbá kan ni ó bá ìyá Òjó dé. Ìhun àpólà orúkọ náà ni ó ń sọ èyí, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kò sì gbé e.

Irú rẹ̀ nìyí nínú SQL:

DELETE FROM esi WHERE odun = 2008 OR odun = 2009 AND ipele = 1

Ẹni tí ó kọ èyí lè ní in lọ́kàn láti pa èsì àwọn ìpele kìn-ín-ní ọdún méjèèjì rẹ́. Àká dátà kò ní kà á bẹ́ẹ̀. Òfin SQL ni pé AND máa ń so ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣáájú OR. Nítorí náà, èsì gbogbo ìpele ní 2008 ni yóò parẹ́, àti ti ìpele kìn-ín-ní nìkan ní 2009. Akùnláwọ̀ fún AND àti OR ní nọ́ńbà kan náà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìkángun ìwé náà mọ́, àwọ̀ rẹ̀ gún régé, jàǹbá sì wà nínú rẹ̀.

4.4 Lẹ́tà N àti àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ọ̀ràn kan wà tí ó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú SQL Server, ọ̀rọ̀ àyọlò tí kò ní N níwájú ni wọ́n ń kọ́kọ́ yí sí àtòjọ lẹ́tà tí àká dátà náà ń lò. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ kò bá sí nínú àtòjọ náà, wọn yóò di lẹ́tà mìíràn tàbí àmì ìbéèrè, kódà bí òpó tí ó ń gbà wọ́n bá lè gba Yorùbá. N'Ṣẹ́gun' yóò wọlé bí ó ṣe rí. 'Ṣẹ́gun' lè di orúkọ tí ẹni tí ó ni ín kò ní dá mọ̀. Àtòjọ UTF-8 tí SQL Server 2019 mú wá lè dènà èyí, bí wọ́n bá yàn án fún àká dátà náà. Nọ́ńbà ọ̀rọ̀ àyọlò ni akùnláwọ̀ ń fún Ṣẹ́gun nínú gbólóhùn méjèèjì, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ ọmọlọ́mọ fẹ́ bàjẹ́.

5.0 Èrò Àwọn Tí Ó Fara Mọ́ Ìlànà Náà

Ẹnì kan lè sọ pé akùnláwọ̀ òde òní ti kọjá ibi tí àlàyé òkè yìí fi í sí. Òtítọ́ wà nínú èyí. Tree-sitter, tí Max Brunsfeld dá sílẹ̀, ń fi gírámà kíkún kọ́ igi gbólóhùn, ó sì ń tún un ṣe bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀wé. Èdítọ̀ Atom bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2018, kí wọ́n tó pa Atom tì ní 2022. Neovim náà gbà á wọlé ní ẹ̀dà 0.5 ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí gbe lámèyítọ́ náà lẹ́yìn ni. Igi gbólóhùn ni wọ́n kọ́ ṣáájú, àwọ̀ sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí pẹ̀lú, Tree-sitter máa ń fara da àṣìṣe kí iṣẹ́ òǹkọ̀wé má bàa dúró. Ìfaradà yìí dára fún ẹni tí ó ń kọ̀wé. Kò dára fún ètò tí ó fẹ́ pinnu bóyá kí àṣẹ lọ sí àká dátà.

Atúpalẹ̀ tòótọ́ kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́. Microsoft ṣí kóòdù ScriptDom, atúpalẹ̀ ẹ̀ka-èdè SQL Server, sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2023. Libpg_query náà yọ atúpalẹ̀ PostgreSQL fúnra rẹ̀ jáde fún ìlò níta. SQL Server tún ní SET PARSEONLY ON, tí yóò yẹ ìhun àṣẹ wò láìjẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú ní ààlà: yóò gba gbólóhùn inú 4.3 wọlé láìjanpata, nítorí pé ìhun rẹ̀ bófin mu. Igi gbólóhùn lè fi han òǹkàwé pé OR ni ó wà lókè. Ẹni tí ó mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ni ó lè sọ pé kò yẹ kí ó wà níbẹ̀.

6.0 Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ SQL máa ń gba àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ohun tí òun kọ tọ̀nà. Olùkọ́ lè tú àṣìṣe yìí fó láàrin ìṣẹ́jú kan. Kí ó tẹ SELECT FROM WHERE GROUP sínú èdítọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gba àwọ̀ ọ̀rọ̀ gbòógì, kò sì sí àká dátà tí yóò gbà wọ́n ní gbólóhùn. Bákan náà ni àti, wá, fún, lọ ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí wọn kò sì di gbólóhùn Yorùbá bí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi àpẹẹrẹ 4.1 sínú èdítọ̀ náà, kí kíláàsì wo ibi tí àwọ̀ àkíyèsí parí sí. Bí ó bá parí lẹ́yìn 2008, akùnláwọ̀ náà kò ní òǹkà. Kò sí ìdí láti so èdítọ̀ mọ́ àká dátà kankan fún ìdánrawò yìí. Níkẹyìn, kí ó ní kí wọ́n fi àkámọ́ sí gbólóhùn inú 4.3 ní ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì sọ èsì ta ni yóò parẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ Yorùbá lè fi àpólà bàbá àti ìyá Òjó ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ìmọ̀ kan náà ni kíláàsì méjèèjì ń kọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbé ìlànà yíyá akùnláwọ̀ lò yẹ̀ wò. Ó sàn ju wíwá GO láìwo àyíká rẹ̀ lọ, ó sì tó fún gígé ìwé àṣẹ sí ìdì bí májẹ̀mú mẹ́ta bá pé: kí wọ́n kun ìwé náà tán kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun, kí akùnláwọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè tí ìwé náà wà ní, kí ètò sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí ìdì kan bá ní àṣìṣe. Níbi tí iṣẹ́ bá ti kan ìtumọ̀ àṣẹ, àfibọ̀ tàbí ìsopọ̀, atúpalẹ̀-gbólóhùn ni kí wọ́n lọ bá. Níbi tí àṣẹ náà bá sì ti ní DELETE nínú, kí ènìyàn tí ó mọ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àtẹ náà kà á kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì.